Aṣọ Pupa Ara Igi Gúáfà

Alábòójútó oko èso náà gbé àkísà pupa kan sókè kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wá wo oko lè rí i. Ó ní igikígi tí wọ́n bá ti rí irú rẹ̀ lára ẹ̀ka, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, nítorí òun fín oògùn kòkòrò sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí tí kò bá ní aṣọ lára, kí wọ́n ká a, kí wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́.

Àwọn ọmọ kékeré náà dáhùn pé àwọn gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò dákẹ́. Kínìyẹn ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í béèrè. Ó béèrè bóyá ẹyẹ mọ ìtumọ̀ aṣọ pupa.

Ọkùnrin náà wò ó díẹ̀. "Ẹyẹ kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣa òkú wọn nílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Kínìyẹn dúró lẹ́yìn wọn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Olùkọ́ àwọn ọmọ náà mú òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gbajúmọ̀, wá kí wọ́n lè bá a mójú tó wọn. Ìyá Kékeré ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí àbúrò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn, tí í ṣe aránṣọ, kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ rárá. Ìgbà tí ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ ni ó tó gbà.

Nígbà tí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi láti fọwọ́, Gbajúmọ̀ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdí igi gúáfà kan tí àkísà pupa wà lára rẹ̀. Èso rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀ wá sílẹ̀. Gbajúmọ̀ gbé fóònù sókè, ó sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Àkísà yẹn ń ba fọ́tò jẹ́. Tú u."

"Wọ́n ní kí a má fọwọ́ kan igi náà."

"Ta ló ní kí o jẹ èso rẹ̀? Àbí kí n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àbúrò rẹ ná?"

Ìyá Kékeré tú u, ó sì fi í sí àpò. Ó ní lọ́kàn láti so ó padà. Wọ́n ya fọ́tò títí ó fi tẹ́ Gbajúmọ̀ lọ́rùn. Bí wọ́n ti ń parí ni alábòójútó yọ lójú ọ̀nà. Ojú ti ọmọbìnrin náà láti so àkísà níṣojú rẹ̀. Ó rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Láìpẹ́, olùkọ́ fún àwọn ọmọ ní agbọ̀n kéékèèké, ó sì ní kí wọ́n máa ká èso. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tẹjú mọ́ fóònù. Nígbà tí Ìyá Kékeré gbójú sókè, àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ láti ìdí igi náà, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ààbọ̀ gúáfà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibo lo ti ká ìyẹn?"

"Níbẹ̀ yẹn. Mo yẹ gbogbo ara igi náà wò. Kò ní aṣọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá èso náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré lọ so àkísà padà. Gbajúmọ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé gúáfà kan kì í pa èèyàn, pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, iwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni wọn yóò ti dójú tì wọ́n. Ìyá Kékeré gbà bẹ́ẹ̀. Ó fún ọmọ náà ní omi mu.

Nínú bọ́ọ̀sì, ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni pé Kínìyẹn kò béèrè ohunkóhun mọ́. Lẹ́yìn náà òógùn bo ọmọ náà, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ ní òòyì ọkọ̀ ló ń kọ́ ọ, ó sì ṣí fèrèsé. Gbajúmọ̀ tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Kékeré di àbúrò rẹ̀ mú, kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n sáré gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí ọmọ náà jẹ. Olùkọ́ ní búrẹ́dì tí gbogbo wọn jẹ ni. Ìtọ́jú oúnjẹ tí kò bá ara mu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ọmọ náà kò lè mí dáadáa mọ́. Nígbà tí ètè rẹ̀ di dúdú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lanu.

"Oògùn kòkòrò ni. Èmi ni mo tú aṣọ kúrò lára igi."

Dókítà yí padà sí ọmọ náà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ mìíràn wá, ó sì ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìyá wọn dé, òwú ìránṣọ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ti rò ó fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi Ìyá Kékeré.

"Nígbà wo lo mọ̀?"

"Kí a tó wọ bọ́ọ̀sì, mà."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Kò nà án, kò sì bú u. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó sì kẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà.

Kínìyẹn kò kú, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó lè rìn láìdi ògiri mú. Láti ìgbà náà, ìyá rẹ̀ a máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án láti lọ mú un wálé láti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbà bọ̀. Ọmọbìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí. Ìyá rẹ̀ ní òun ti dárí jì í, ó sì wọ bàtà rẹ̀, ó jáde lọ mú Kínìyẹn wálé.

Títú aṣọ lára igi jẹ́ ìwà òmùgọ̀, a sì lè tún ìwà òmùgọ̀ ṣe bí a bá tètè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ ohun tí ń pa ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì dákẹ́ nítorí ìtìjú, ti bá ohun náà lọ́wọ́ nínú pípa rẹ̀.