Irùngbọ̀n Tó Kù Nínú Abẹ

"Fọ̀ ọ́ kí o tó rì í," ni màmá mi wí. Wọ́n gbé ìgò sípíríìtì ka orí tábìlì ìdáná, wọ́n gbé abọ́ kékeré kan tì í. "Kí ni mo wí?"

"Kí n fọ̀ ọ́ kí n tó rì í."

"Nítorí kí ni?"

Mo mí kanlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. "Nítorí pé ohun tí a kò bá fọ̀, sípíríìtì kò lè dé ara rẹ̀. Abẹ́ ìdọ̀tí ni kòkòrò máa sá sí, á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"O ṣeun. Omi tó gbóná níwọ̀nba o, kì í ṣe omi híhó. Omi híhó á bó àwọ̀ ara abẹ náà. Lo ọṣẹ, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dé gbogbo kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú sípíríìtì. O mọ̀ pé a kì í fi ọgbẹ́ ṣeré lára bàbá àgbà."

Òótọ́ ni. Bàbá àgbà ní àtọ̀gbẹ, ọgbẹ́ kì í tètè san lára wọn. Màmá mi sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ogún ọdún ni wọ́n ti fi ń fọ àlùmọ́gàjí àti ọ̀bẹ àwọn dókítà. Tún-un-fọ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n, nítorí pé bí nǹkan bá mọ́ lójú gbogbo ayé, kò tíì mọ́ lójú tiwọn.

"Ẹ má pẹ́ o!" ni bàbá àgbà ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Lánàá, ewúrẹ́ kan kí mi lójú ọ̀nà. Ó ní agbo ilé kan náà ni a ti wá."

"Ẹ kò dá a lóhùn ni, Bàbá?" ni màmá mi bi wọ́n.

"Mo dá a lóhùn! Mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún gbẹ̀yìn nílé wa. Bàbá mi ni ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá àgbà bí. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, bàbá àgbà kò fi abẹ kan ojú wọn mọ́. Òwúrọ̀ Sátidé yìí ni wọ́n kàn jí, tí wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bá mi wá abẹ ọmọ mi. Mo fẹ́ fá irùngbọ̀n." Màmá mi kọ́kọ́ wọ yàrá lọ sunkún díẹ̀, kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí gé èyí tó gùn jù nínú irùngbọ̀n náà.

Abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ ni, irú èyí tó wúwo lọ́wọ́, tí a ń fi bíléèdì pẹlẹbẹ sí lórí. Bí ènìyàn bá yí ìdí ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ á là sí méjì bí ìlẹ̀kùn, á fi inú rẹ̀ hàn. Bàbá àgbà ló rà á nígbà ọ̀dọ́ wọn. Nígbà tí irùngbọ̀n bàbá mi kọ́kọ́ hù, bàbá àgbà gbé e fún wọn. Bàbá mi sì lò ó títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ pa wọ́n lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́.

Mo yí ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjèèjì là.

Bíléèdì inú rẹ̀ ti dípẹtà. Mo yọ ọ́ sọnù. Lábẹ́ ibi tó wà, ọṣẹ ti gbẹ, ó funfun bí ẹfun, irun wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn dúdú, òmíràn funfun.

Irùngbọ̀n bàbá mi ni.

Mo rántí. Wọ́n ti pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ń wá bàtà wọn kiri pẹ̀lú ìfófó ọṣẹ létí, èmi ni mo bá wọn nù ún. "Ọ̀rẹ́ mi," ni wọ́n wí, "bá mi gbé abẹ yẹn pamọ́. Tí mo bá dé, màá fọ̀ ọ́."

Wọn kò dé.

Mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. A ti kó aṣọ bàbá mi fún ẹni tó nílò rẹ̀. Òórùn wọn ti kúrò lára ìrọ̀rí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó jẹ́ ti ara wọn gan-an nìyí, omi sì fẹ́ gbé e lọ sínú ihò ìdọ̀tí.

Mo pa ẹ̀rọ omi. Mo pa ìlẹ̀kùn abẹ náà dé. Mo fi ọṣẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sì rì í sínú sípíríìtì bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé sípíríìtì á ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tí màmá mi padà wọlé, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́. "O fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́, Mọ́mì."

"Abẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo fi búrọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀."

Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ká ní aago iṣẹ́ kò tíì lù ni, wọn ì bá ṣí i wò. "Ọmọ Tún-un-fọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n lọ.

Ojú bàbá àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Wọn kò rí ohun tó wà nínú abẹ náà nígbà tí wọ́n ń fi bíléèdì tuntun sí i. Wọ́n fá a tán, wọ́n dà bí ẹni tí ọdún mẹ́wàá bọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni abẹ ti gé wọn, lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Kékeré ni," ni wọ́n wí.

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ní ọjọ́ Ajé, ibẹ̀ pọ́n. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wú, ó le, ó sì gbóná. Nígbà tó di Ọjọ́rú, bàbá àgbà ń gbọ̀n nínú kúbùsù méjì, wọ́n sì ń fi orúkọ bàbá mi pè mí.

Ilé ìwòsàn tí màmá mi ti ń ṣiṣẹ́ ni a gbé wọn lọ. Dókítà fi ìka tẹ ibi tó wú náà jẹ́jẹ́. "Kí ló gé wọn?"

"Abẹ ìfárùngbọ̀n," ni màmá mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó mọ́, Dókítà. Ọmọ mi ló fọ̀ ọ́, ó rì í sínú sípíríìtì. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bó bá jẹ́ ọwọ́ Tún-un-fọ̀ ló ti wá, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yìí nílé. Kí a tún rí wọn lọ́jọ́ mẹ́ta òní." Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo wo bàbá àgbà. Wọ́n dijú, ètè wọn gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo ojú màmá mi tó kún fún ìgbẹ́kẹ̀lé. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

"N kò fọ̀ ọ́," ni mo wí.

Bírò dúró lọ́wọ́ dókítà.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo fọ̀. Ìdọ̀tí oṣù mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, àti ìpẹtà. Irùngbọ̀n Dádì ni. N kò lè dà á nù."

Dókítà fa ìwé náà ya. "Ẹ wá bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Wọn kò lọ ilé mọ́. Ẹ gbé omi oògùn wá kíákíá."

Màmá mi kò lù mí, wọn kò pariwo. Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. "Ogún ọdún," ni wọ́n wí. "Ogún ọdún, irinṣẹ́ kan kò ti ọwọ́ mi jáde lọ ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ilé mi ló ti wá ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn dókítà la ibi tó wú náà fún bàbá àgbà. Dókítà sọ pé bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dúró, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi dùbúlẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́jọ náà, "gbé omi wá" àti "ti ìlẹ̀kùn" nìkan ni màmá mi ń bá mi sọ. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń ka ẹ̀kán omi oògùn bó ṣe ń jábọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá àgbà lajú wò mí dáadáa. "Ìyá mi kékeré. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún dókítà. Ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. "Ó wà níbẹ̀, Bàbá."

"Èéṣe tí o kò sọ fún wa?"

"Mo rò pé ẹ máa ní kí n dà á nù."

"A ò ní ní kí o dà á nù." Omi lé ròrò lójú wọn. "A máa jọ dà á nù ni."

Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tí kò ní báńdéèjì. Irùngbọ̀n tuntun ti ń hù níbẹ̀. "Ó ń gún ọ lọ́wọ́? Ti bàbá rẹ náà rí báyìí. Ara mi ló ti mú un. Ohun tí o ń tọ́jú sínú irin, ó ń hù lójú mi lójoojúmọ́."

Mo gbórí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sun ẹkún tí n kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ní ọjọ́ tí a gbé wọn wálé, mo bu omi tó gbóná níwọ̀nba. Bàbá àgbà jókòó sórí àga ní ìdáná. Màmá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá aṣọ wọn ká sókè. Mo ṣí ìlẹ̀kùn abẹ náà. Ọṣẹ gbígbẹ náà yọ́ díẹ̀díẹ̀, omi di funfun, àwọn irun wẹ́wẹ́ náà léfòó, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì lọ.

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi," ni bàbá àgbà wí.

Màmá mi gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. "Tún un fọ̀," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ti rọ̀. Mo tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó rì í sínú sípíríìtì.

Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n bàbá àgbà títí di òní, gígùn rẹ̀ tó ìka mi. Ní gbogbo Sátidé tí mo bá ń bá wọn fá irùngbọ̀n, mo máa ń rí i, mo sì máa ń rántí pé a kì í fi ìfẹ́ òkú ṣe alààyè léṣe. Irọ́ pẹ̀lú, bó ti wù kó kéré, ìdọ̀tí ni: bí a kò bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò, kò sí oògùn tó lè dé abẹ́ rẹ̀.