Fèrè Tí Kò Tan Ẹ́líkì Kankan Jẹ

Wendell gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Wendell ba sẹ́yìn igi kan lórí òkè Kettle, ní ìpínlẹ̀ Montana, ó ń fọn fèrè bí akọ ẹ́líkì, àgbọ̀nrín tó ga tó ẹṣin nì. Abo kan sì ń dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. Wendell fi ọfà lé ọrun, ó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀. Abo náà ń yọ́ gòkè bọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa fojú kan ara wọn, obìnrin kan ló dìde láàárín ewé, ọrun lọ́wọ́, fèrè lẹ́nu.

“Yéè! Mo rò pé ẹ́líkì ni ẹ́!”

“Èmi náà rò pé ẹ́líkì ni ẹ́,” Wendell wí.

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Marit lorúkọ mi. Sọ òótọ́ fún mi, báwo ni fèrè mi ṣe rí?”

“Ó burú. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.”

“Mo mọ̀. Kò tíì tan ẹ́líkì kankan jẹ rí. Ìwọ nìkan ló tàn.”

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Wendell ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò láya, kò lọ́mọ, ọ̀gá panápaná inú igbó ni. Opó ni Marit, ó ń gbé lọ́dọ̀ Gus, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sin màlúù lẹ́sẹ̀ òkè. Láti ọjọ́ náà, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, wọ́n á tẹ́ máàpù sórí tábìlì Wendell, wọ́n á fi ife kọfí tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí ibi tí atẹ́gùn máa gbà fẹ́. Ètò wọn kì í yí padà. Marit á jókòó síwájú pẹ̀lú ọrun, Wendell á wà lẹ́yìn, á máa fọn fèrè. Ẹ́líkì tó bá ń wá ohùn Wendell bọ̀, iwájú Marit ló máa gbà kọjá.

“Ìgbà wo lẹ máa fẹ́ra yín,” Gus á wí, “kí ilé mi lè gbà mí?”

Àfi bí iná ṣe dé. Igbó òkè Kettle gbiná lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn sì ń darí rẹ̀ sí ìlú. Wendell ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi iná pàdé iná, kí wọ́n sun pápá àárín kí iná ńlá má bàa rí nǹkan jẹ. Ìlú yè. Ṣùgbọ́n pápá Gus ni wọ́n sun, tòun ti ilé pákó àtijọ́ tó wà níbẹ̀, tí bàbá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, níbi tí Marit ti kọ́ bí a ṣe ń ta ọfà.

“Ẹni tó sun ilé bàbá mi ò ní jókòó nídìí tábìlì mi láé,” Gus búra. Marit tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ìyẹn gan-an ló dun Wendell jù.

Ìgbà yìnyín gùn. Abọ́ kan ni Wendell ń fọ̀. Bí fóònù bá dún, á sáré sí i. Oníṣòwò tó fẹ́ ta nǹkan fún un ni. Ó dá wà, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ìdáwà kì í pariwo, orí àga kejì ló máa ń jókòó sí.

Nígbà tí oṣù kẹjọ tún dé, ó gun òkè lọ wò ó. Àwọn igi dúró gbagidi, dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n koríko tútù ti hù lábẹ́ wọn, ipasẹ̀ ẹ́líkì sì wà níbi gbogbo. Ó délé, ó tẹ́ máàpù, kò rí ẹni bá jiyàn. Ló bá ká a, ó di ilé Gus.

Gus ń tún ọgbà màlúù ṣe. “Kí lo wá ṣe?”

“Mo wá bá Marit ṣètò ọdẹ.”

“Ọdẹ wo? O sun igbó tán, o tún fẹ́ lọ dẹ eérú?”

“Gus, bí iná bá tún kọjú sí ìlú lọ́la, ohun tí mo ṣe náà ni màá tún ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ilé yẹn ò dùn mí.”

Gus kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Marit jáde, ó wo máàpù títí, ó wá fi ìka tọ́ka.

“Ṣé ibí lo fẹ́ jókòó sí?”

“Ibẹ̀ ni.”

“O ò tíì gbọ́n síbẹ̀. Igi ò léwé mọ́. Akọ á dúró lókèèrè, á rí i pé kò sí abo kankan níbẹ̀, á padà. Ẹ̀yìn gegele yìí ni kó o wà, kó má lè rí ibi tí ohùn ti ń wá. Èmi... ẹni tó bá ń ta ọfà á wà níwájú gegele, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Má sì jókòó sábẹ́ igi tó jóná o. Atẹ́gùn díẹ̀, ó wó nìyẹn.”

“Ààyò mi, ṣé wàá wá?”

Marit wo ẹ̀yìn Gus. “Òun ló gbà mí sílé nígbà tí ọkọ mi kú, Wendell.” Ó wọlé.

Nígbà tó dọjọ́ ọdẹ, Wendell fi ọrun rẹ̀ sílẹ̀ sílé, fèrè nìkan ló mú. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tó jókòó sẹ́yìn gegele gẹ́gẹ́ bí Marit ṣe wí. Kò lè rí iwájú. Ó gbà pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ó sì fọn fèrè bí abo síbẹ̀síbẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi ìfẹ́ rẹ̀ ṣe.

Akọ kan dáhùn. Ó ń bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ ṣẹ́ igi jíjóná, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Wendell ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lójijì, ọrun dún. Pátákò lu ilẹ̀, nǹkan ńlá ṣubú, ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Wendell tẹ́tí sílẹ̀. Fèrè kan wá dún níwájú gegele, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

Ó fẹ́ fọn tirẹ̀ dáhùn, ẹkún ò jẹ́ kí ètè rẹ̀ dúró. Ó rá gòkè. Marit wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, eérú kùn ún lójú, omijé sì ti la ọ̀nà sínú eérú náà.

“Gus ńkọ́?” Wendell bi í.

“Ó ń kó ìbaaka bọ̀ lọ́sàn-án, kó bá wa ru ẹran. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò tíì dárí jì ẹ́ o.”

“Kí ló fẹ́ kí n ṣe?”

“Ó ní ilé pákó kì í kọ́ ara rẹ̀. Ó ní kó o mú òòlù tìẹ wá.”

Wendell jókòó tì í nínú eérú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Marit tún fi fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n.

“Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀,” Wendell wí. “Wàá lé gbogbo ẹ́líkì òkè yìí lọ.”

“Jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí mò ń pè ti dé.”