Olùkọ́ Tí Ó Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Ìránṣẹ́

Dókítà Limbani Nkhata mọ ìdí tí ẹnì kan fi ń jókòó lé ẹlòmíràn lórí. Ohun tó ń kọ́ wọn nìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Zomba. Ó máa ń wí pé, “Okùn mẹ́ta ni wọ́n fi ń de tálákà mọ́lẹ̀: ohun ìní, iyì, àti agbára.” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pàtẹ́wọ́. Ó kúkú mọ̀ ọ́n sọ!

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó pe àwọn àgbà olùkọ́ tí yóò dìbò lórí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹ nsima, òkèlè tí wọ́n fi àgbàdo rò, pẹ̀lú ẹja. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀, NyaMhango, ti wọ bọ́ọ̀sì láti abúlé wọn lókè àríwá. Yotamu, awakọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ló rí i ní ibùdókọ̀ tó gbé e wálé.

Ìyá rí àlejò, ó sì ṣe ohun tí obìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ó gbé omi àti abọ́, ó kúnlẹ̀, ó ń da omi sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Àlejò kan rẹ́rìn-ín. “Dókítà, ìránṣẹ́ yín yìí mà ti dàgbà o! Níbo lẹ ti rí i?”

Limbani wo àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ti là. Ó wo bàtà àlejò. “Ará abúlé wa ni. Mo kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni.”

NyaMhango kò gbójú sókè. Ó gbé abọ́ yí sọ́dọ̀ ọmọ tó bí. “Ẹ fọwọ́ yín, ọ̀gá.”

Ọ̀gá! Ẹnu tí ìyá fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà èwe! Limbani fọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, kò sì sọ òótọ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá kò sí nílé mọ́. Yotamu ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mo ti gbé ìyá yín padà sí ibùdókọ̀. Wọ́n ní kí n má bínú sí ọmọ àwọn.”

“Yotamu, ìtìjú ló mú mi.”

“Ìtìjú kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ pè é lórúkọ rẹ̀! Èmi ò kàwé, ọ̀gá, ṣùgbọ́n mo lójú. Okùn mẹ́ta tẹ́ ẹ ń sọ, ọwọ́ ta ni mo ti bá a lónìí? Ọmọ Ọlọ́run kúnlẹ̀ fọ ẹsẹ̀ apẹja. Wọ́n sì kàn án mọ́gi bí ẹrú, nítorí ìgbéraga bíi tiyín. Ó ń gba irú yín o. Àwáwí ni kì í gbà.”

Limbani wólẹ̀ lórí simẹ́ńtì. “Jésù, mo sẹ́ ìyá mi. Ìwọ náà ni mo sẹ́. Dárí jì mí, yí mi padà.”

Òun àti Yotamu sáré dé ibùdókọ̀. Limbani kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, láàárín adìẹ àti ẹrù. “Ìyá mi rèé! Èmi ni mo pè wọ́n ní ìránṣẹ́!”

“Dókítà ti mu ọtí yó!” ni èrò kan wí.

NyaMhango gbá orí rẹ̀ mọ́ra. “Mo ti dárí jì ọ́, Limba. Ṣùgbọ́n mi ò lè padà sínú ilé yẹn lónìí.” Bọ́ọ̀sì sì gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Limbani lọ bá àlejò kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀. Wọn kò fún un ní ipò náà. Àlàáfíà tí kò ní tẹ́lẹ̀ rí ni Jésù fún un.

Ìwọ òǹkàwé, má fi Limbani ṣe yẹ̀yẹ́. O ń bú àwọn tó ń jẹ gàba, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ sì ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ. Àbúrò rẹ tí kò kàwé, ṣé o ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ ọ́n? Níwájú Ọlọ́run, kò sí àga ọlọ́lá. Má dúró de ọ̀la tí ìwọ kò ni. Jẹ́wọ́ fún Jésù lónìí, kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o sẹ́, nígbà tó ṣì wà láàyè.