Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Àgbà

Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán ni. Ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ní, "Karimat, bá mi tan bàbá rẹ."

Bàbá ọ̀hún ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀yìnkùlé wọn ní Bẹyẹrúnká náà ni wọ́n sì sin ín sí. Kásẹ́ẹ̀tì ni Ìyá Àgbà ń sọ. Nígbà tí Bàbá Àgbà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, kì í kọ lẹ́tà. Ohùn ara rẹ̀ ló máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí á fi rán awakọ̀ sílé. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Orí kásẹ́ẹ̀tì Hezekiah, gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ayé ọjọ́un, ló gba ohùn rẹ̀ sí, nítorí náà orin Hezekiah méjì ló máa ń ṣáájú kí ọ̀rọ̀ Bàbá tó dé. Ìyá Àgbà wà nínú tákàbà, opó Bàbá ló ń ṣe, kò gbọdọ̀ jáde nílé títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá yóò fi pé. Kásẹ́ẹ̀tì yìí nìkan ló ń tù ú nínú. Karimat, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n ní kó máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Karimat tan rédíò; nígbà tí orin méjèèjì tán, ohùn Bàbá wí pé, "Àtọ́kẹ́, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun," Ìyá Àgbà dáhùn.

Ojoojúmọ́ ló ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni ara Karimat ń bù máṣọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n lẹ pósítà kiri Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba pé Hezekiah, tí kò kọrin fún gbogbo ayé gbọ́ láti ogún ọdún, yóò ṣeré ní gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ òkè Mápó lọ́sàn-án Sátidé. Ẹni tó bá mú ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá yóò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, Hezekiah yóò sì fọwọ́ sí i fún un. Jamilah, ọ̀rẹ́ Karimat, kò jẹ́ kó sinmi.

"Ṣé o mọ iye èèyàn tó máa wo fídíò tí a bá ṣe níbẹ̀?" ó ní. "Kí Alásàrí tó tó, o ti dé'lé. Màmá ò ní mọ̀ rárá."

Nígbà tí Sátidé dé, Karimat ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ abẹ́ hìjáàbù rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́sìnnì o." Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún un kó tó jáde.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Olúdayọ̀, ọmọ Hezekiah, gba kásẹ́ẹ̀tì náà kíá. "Bàbá á fọwọ́ sí i, wàá gbà á tí eré bá parí," ó wí, ó sì gbé e lọ sẹ́yìn pèpéle.

Àwọn òǹwòran kò pé ogójì, àwọn eléwú lórí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fa Hezekiah lọ́wọ́ jáde. Ó wọ awò ojú dúdú, ó sì gbé jákẹ́ẹ̀tì awọ wọ̀ nínú ooru náà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Orin bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, àwọn arúgbó sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Karimat, tó jókòó síwájú pátápátá, rí i pé wáyà gìtá rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, kò so mọ́ ohunkóhun. Láìpẹ́ ó gbọ́ ariwo ṣẹ̀rẹ̀ kan láàárín orin náà, níbi tí téèpù ti há nígbà kan rí. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ariwo yẹn nílé.

"Jamilah, kásẹ́ẹ̀tì wa ni wọ́n ń fi kọrin yẹn."

"Jẹ́ n ṣe fídíò jàre."

Orin kejì ń parí lọ. Karimat dìde pé kóun sáré lọ sẹ́yìn pèpéle, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́.

"Àtọ́kẹ́," ohùn Bàbá Àgbà gba gbogbo gbọ̀ngàn kan, "ṣé o ti jẹun?"

Ẹnu Hezekiah ṣì ń mì. Òkú Bẹyẹrúnká ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu alààyè ló ń mì sí i. Nígbà tó yá, Hezekiah pa ẹnu dé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń wo òkè, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ó bèèrè. Ohùn tirẹ̀ gan-an nìyẹn, ó ti há, kò sì dé àga kejì. "Ta nìyẹn?"

Ohùn Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ó ń wúwo, ó ń rì bí ẹni tó ń bọ́ sínú kànga, ó sì pa. Ẹ̀rọ ti jẹ téèpù. Àwọn èèyàn pòṣé, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ.

Nígbà tí Olúdayọ̀ mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, téèpù rẹ̀ ti tú síta, ó ti lọ́ pọ̀, ó sì já síbi mẹ́ta. Ìfọwọ́sí Hezekiah wà lára rẹ̀ gbagada.

"Má bínú, àbúrò," Olúdayọ̀ wí, ojú ń tì í. "Àìsàn ti gba ohùn Bàbá, kásẹ́ẹ̀tì tiwa sì ti bàjẹ́. A rò pé orin nìkan ló wà níbẹ̀ ni."

Wọ́n ń pe ìrun Alásàrí nígbà tí Karimat wọlé. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ títí Ìyá Àgbà fi sálámà, tó kírun tán.

"Karimat, bá mi tan bàbá rẹ."

Karimat kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ń fi ìka tú téèpù náà díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí rédíò tí kò sọ nǹkan kan.

"Mo ti jẹun," ó wí, ó sì dúró.

Ẹkún gbé Karimat. "Màmá," ó ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìyá Àgbà gbójú kúrò lára rédíò. "Rárá," ó wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè láti ọ̀sán."

Karimat lọ ro ọkà. Ìyá Àgbà dárí jì í lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò lè dá ohùn yẹn padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dun Karimat jù. Ó wá mọ̀ pé òun fi ohun kan ṣoṣo tó kù fún Ìyá Àgbà wá fídíò ìṣẹ́jú kan, àti pé ohun olóhun kì í ṣe ti òun láti fi ṣe fàájì, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ tì í tó. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti kírun Alásàrí tán, òun ló ń bi Ìyá Àgbà bóyá ó ti jẹun. Ìyá Àgbà a sì dáhùn, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ wo rédíò náà ná, bí ẹni pé ó fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú bèèrè.