Ọmọ Ìjọ Wa Ni

Aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá ni obìnrin aránṣọ kan fẹ́ parí lọ́jọ́ kan. Ó ti rán mẹ́sàn-án, ó ń kọrin lábẹ́ ètè, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ohùn àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù ìjọ wọn. Oníwàásù ni, ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì ń wọ́ tẹ̀lé e.

"Àwọn aláìgbàgbọ́ àdúgbò yìí ti pẹ́ jù láàárín wa," ohùn náà ń wí. "Ọlọ́run ní ká lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ràn Rẹ̀, kó dìde lónìí!"

Aránṣọ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹ̀rín bò ó nígbà náà, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kó tó gbé fóònù kalẹ̀, èéfín ti ń rú nísàlẹ̀ òpópónà.

Ilé búrẹ́dì ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ méjì dáná sun. Ẹ̀sìn mìíràn ni obìnrin oníbúrẹ́dì ń ṣe, ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò. Kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó níbi tó ti ń fa ìyá rẹ̀ arúgbó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ jókòó. Olórí ìjọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí. "Ẹ jẹ́ ká rọra," ó ní. "Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ara wa. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká dákẹ́."

Aránṣọ, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin, dìde. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ara wa ni. Nínú ilé yìí ni àbúrò ọkọ mi ti ń wàásù, àwa là ń pàtẹ́wọ́ fún un. Orúkọ Ọlọ́run wa làwọn ọmọ yẹn pè kí wọ́n tó ṣáná. Tá a bá dákẹ́, ohun tí aráyé máa gbọ́ ni pé Ọlọ́run wa ló rán wọn."

Ọkọ rẹ̀ fò dìde. "Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o fẹ́ fa àbúrò mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ni?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi, inú ìkòkò mi ló ti ń jẹun láti kékeré. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ wà lórí fóònù mi, mi ò sì ní pa á rẹ́."

Olórí ìjọ gbójú sókè. "Mo gbọ́ ìwàásù ọmọ yẹn lóṣù tó kọjá. Mo rò pé á jáwọ́. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá aránṣọ gbé fóònù náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ ìsìn, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìjọ láìfepo bọyọ̀, ó ṣí ìwé mímọ́, ó fi ibi tí oníwàásù ti yí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run padà han àwọn ọ̀dọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn tò lọ sílé oníbúrẹ́dì nínú aṣọ ìsìn wọn. Káfíńtà gbé pákó, bíríkìlà gbé irinṣẹ́, àwọn obìnrin ń kó eérú.

Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà, báńdéèjì lọ́wọ́ méjèèjì. "Mo ti rò pé ẹ máa ní kì í ṣe ẹ̀yin."

"Àwa ni," aránṣọ dáhùn. "Ìdí tá a fi wá nìyẹn."

Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni adájọ́ fún oníwàásù àti àwọn méjì tó ṣáná. Ọwọ́ òsì oníbúrẹ́dì kò lè po ìyẹ̀fun mọ́. Ìyá ọkọ aránṣọ kì í dá a lóhùn bó bá kí i, títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ń kọ́lé náà, ọkọ aránṣọ dá wá, ó sì ń ru búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ẹnì kan fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ṣebí ìyàwó ẹ ló fẹjọ́ àbúrò ẹ sùn?" ó nàró ṣánṣán. "Ìyàwó mi ni! Òun ló gba orúkọ wa là."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ìwàásù tó bá ní kí ẹ kórìíra aládùúgbò, ẹ kọ̀ ọ́ ní gbangba, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ọ. Ẹ má pa ẹ̀rí rẹ́. Ẹ fi tó àwọn agbófinró létí, kí ẹ sì bá àwọn ọ̀dọ́ yín jókòó kí ẹlòmíràn tó bá wọn jókòó. Bí wọ́n bá sì ti fi orúkọ ẹ̀sìn yín ṣèkà, ẹ má kàn ránṣẹ́ ìkẹ́dùn sí ẹni tó fara gbá a. Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ fi lọ.