Ohùn Tí Mo Fi Pe Aníwúrà

Ní Erinje, kò sí ẹni tí n kò lè dẹ́rù bà kó sá. Wòlíì Aládùúrà pàápàá ti ju agogo rẹ̀ nù nítorí mi, ó gba inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìyá wa ń sunkún lọ́dún 1968, mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, Aníwúrà á gbà pé ènìyàn lòun."

Aníwúrà ni àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni awọ fẹ́lẹ́ ti so àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní pẹ́pẹ́yẹ. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ ń jà. Nígbà tó yá, kò jà mọ́. Ó ní ará odò lòun, wọ́n kàn ṣèèṣì bí òun sórí ilẹ̀ ni.

"Bọ̀ọ̀dá, nínú omi nìkan ni ọwọ́ yìí ti pé."

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìdílé Rùfáì, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀, ó sì ti ní òun á sọ fún wọn lójú ara wọn pé òun kì í ṣe ènìyàn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ohùn bá ti inú odò peni, a kì í dáhùn. Eré là ń sá. Lójú tèmi, bó bá ti sá, ó ti jẹ́wọ́ pé ènìyàn lòun nìyẹn.

Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Rú. Ó ń kó ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ sódò láti fi ṣe oúnjẹ púpurú kúrò nínú omi. Mo lúgọ sẹ́yìn igi ògùrọ̀, omi mù mí dé ìbàdí. Mo fi àrọ tí a fi ń rọ epo sẹ́nu kí ohùn mi lè yí padà.

"Aníwúrààà."

Àwọn ẹyẹ dákẹ́.

"Hòo." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. "Ẹ mà pẹ́ o."

Mo bọ́ síta. "Èmi ni jàre! Àwàdà ni!"

"Mo rí yín, Bọ̀ọ̀dá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Àwọn tí wọ́n bá yín pè mí ni mò ń dá lóhùn."

N kò bojú wẹ̀yìn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yọ̀ bọ́. Omi dé e lọ́rùn, ó bò ó lórí. Omi náà kò tilẹ̀ ru.

Wọ́n wá a fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá Rùfáì jókòó, ó ní kí wọ́n mú ọmọ jáde. Ìyá mi wò mí. Èmi ni mo la ẹnu, tí mo sọ fún wọn pé Aníwúrà kì í ṣe ènìyàn.

Màmá kò lè dé odò mọ́. Ẹ̀gẹ́ tó bá sì ti rọ̀ tán, bí wọn ò bá kó o, á bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kó èyí tó kù.