Ilẹ̀kùn Tó Ń Mí

Òjò tó ń rọ̀ nínú géèmù náà dá ní ìṣẹ́jú kan náà tí tiwa dá. Mo wo ojú fèrèsé, mo wo ojú kọ̀ǹpútà, mo tún wo fèrèsé.

"Eggert, o rí i?"

Ọkọ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kí ni kí n rí? Wiebke, jẹ́ ká gbọ́ ti ilẹ̀kùn yìí ná."

Ọ̀sán Fúráìdè ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, ní abúlé wa létí òkun, nítòsí ìlú Husum. Eggert ra páálí dísíkì kọ̀ǹpútà àlòkù kan lọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn ò ní orúkọ lára. Inú rẹ̀ la ti bá géèmù náà. Irú rẹ̀ làwa méjèèjì fẹ́ràn jù: kò sí ìbọn, kò sí eré sísá. Àwòrán ilé kan á wà níwájú rẹ, wàá máa fi ọfà funfun kékeré kan tẹ ohun gbogbo wò, wàá ṣa èyí tó bá ṣeé ṣà, wàá sì máa ronú ohun tó lè ṣí èyí tó tì. Bí o bá wá rí i, ayọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo gbé bàtà onígi kan tí wọ́n gbin òdòdó sí, tí mo bá kọ́kọ́rọ́ ilé lábẹ́ rẹ̀, igbe tí mo ké jí ológbò.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe wọ ilé ìdáná báyìí, gbogbo rẹ̀ dúró. Ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilẹ̀ kò ṣí. A fi ìwọ̀ irin tá a ṣà kọ́ ọ. A fi okùn fà á. Gbólóhùn kan náà ló ń jáde nísàlẹ̀: "Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́."

"Fi ẹja ṣáwá tá a ṣà yẹn gbìyànjú," ni Eggert wí.

"Ẹja? Ṣé ebi ń pa ilẹ̀kùn ni?"

"Ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹni tó ṣe é? Fi ra á jàre."

Mo fi ẹja ra ilẹ̀kùn tó ìgbà ogún. Ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé pákó lásán ni. Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ á ta á nípàá, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n géèmù ò mọ ẹsẹ̀, àfi ohun tí ẹni tó ṣe é bá rò tẹ́lẹ̀.

Inú bí mi, mo fi ọfà tẹ ilẹ̀kùn náà lásán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹnìkan ń ké níbẹ̀."

Ní Sátidé mo tún tẹ̀ ẹ́. "Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀."

A ò tíì yí ohunkóhun padà. Mo sọ fún Eggert. Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Bóyá bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán: "Ẹnìkan ń mí níbẹ̀."

Mo wá tẹjú mọ́ àwòrán náà bí ẹni tí kò rí i rí. Ife aláwọ̀ búlúù kan wà lójú fèrèsé, wọ́n fi gúlúù lẹ etí rẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ́ etí ife yẹn nígbà Àjíǹde, níbi tí mo ti ń bá Màmá Momsen fọ abọ́. Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́.

"Eggert. Ilé Màmá Momsen nìyí."

Màmá Momsen ni opó tó ń dá gbé ní ìparí ọ̀nà wa. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

"Màmá ti lọ sí ìlú Kiel lọ́jọ́ Fúráìdè," ni Eggert wí. "Wọ́n fẹ́ yọ sí ọmọ wọn láìsọ fún un."

"Ta ló rí wọn nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin?"

Eggert dìde. Kò mú ẹ̀wù òtútù kó tó jáde, mo sì tẹ̀ lé e lọ sílé Màmá.

Bàtà onígi wà lẹ́nu ọ̀nà, òdòdó wà nínú rẹ̀. Eggert gbé e. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn. Nínú ilé ìdáná, mo fi etí lé ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹnìkan ń mí.

Ilẹ̀kùn ti há. Mo rí ojú Eggert tó ń lọ láti orí tábìlì dé orí pẹpẹ. "Kí la máa fi ṣí i?" ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èjìká ẹ ni! Èjìká ẹ, Eggert!"

Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó fà sẹ́yìn, ó fi gbogbo ara lù ú. Lẹ́ẹ̀kejì, pákó fọ́.

Màmá wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù ìrìn-àjò lọ́rùn, ẹsẹ̀ wọn kan ti kán, ìgò omi èso ápù méjì tó ti ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ mú èso inú ìgò fún ọmọ wọn ni afẹ́fẹ́ ti gbá ilẹ̀kùn dé, tí wọ́n sì yọ̀ ṣubú nínú òkùnkùn.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi ẹja ra ilẹ̀kùn mi?" Ohùn wọn kò ju ti ọmọ ìkókó lọ.

Eggert kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Láti Fúráìdè ni òórùn ṣáwá ti ń bá mi níbí. Mò ń gbọ́ irin, mò ń gbọ́ okùn. Mo ní, wèrè lonítọ̀hún. Ṣùgbọ́n kò lọ. Òun ni kò jẹ́ kí n sùn lọ."

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ní Husum sọ fún wa pé ẹsẹ̀ á jinná, pé bó bá jẹ́ òru kan sí i ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ.

Nígbà tá a délé, kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn. Ilẹ̀kùn inú àwòrán ti ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Eggert ló ṣáájú mi débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó kẹ̀yìn sí mi, ó sì fa wáyà iná yọ.

"Kí ló kọ?"

"Mi ò kà á."

Ó kà á. Mo mọ bí ẹ̀yìn ọkọ mi ṣe ń rí bó bá ń kàwé.

Màmá Momsen ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, wọ́n sì ń bá ológbò mi jà lójoojúmọ́. Látìgbà tó ti ka ọ̀rọ̀ yẹn, ní gbogbo Fúráìdè, Eggert á gba ojú ọ̀nà wa lọ, á kan ilẹ̀kùn gbogbo àgbà tó ń dá gbé, á sì dúró títí á fi gbọ́ ohùn. Bó bá padà, ojú rẹ̀ á ti wálẹ̀, á bọ́ bàtà, á béèrè oúnjẹ. Mi ò bi í ní ohun tó kà mọ́. Mo máa ń bu ọbẹ̀ fún un.